Iyè Ẹ̀rọ tí a Sá Sóòrùn

Ó ti rẹ Akínyẹlé tipẹ́ kí ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló ń rẹ̀ ẹ́, kò ní lè nawọ́ sí iṣẹ́ kan pàtó. Kò ru ẹrù, kò roko. Ìjókòó ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àárẹ̀ kan wà tí oorun kì í wò, èyí tó máa ń wọ ara ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, tí kò sì rí ẹni tí yóò fà á lé lọ́wọ́. Bí ó bá jí láàárọ̀, yóò jókòó sí etí ibùsùn, yóò máa wo bàtà rẹ̀ bí ẹni tó ń wo òkè tí yóò gùn.

Ìparí ọdún 1979 ni, òjò àrọ̀kúrò ń palẹ̀ mọ́. Ọ́fíìsì tó wà kò jìnnà sí oríta Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì. Ẹ̀ka kékeré kan ni, lábẹ́ àjọ kan tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀: òun tó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò jáde ní yunifásítì, àti Monínúọlá, obìnrin tó ń bá wọn tẹ̀wé, tí ẹnu rẹ̀ yára ju ìka rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti kó iye òjò tó ń rọ̀ ní àwọn ìlú àárín Èkìtì jọ, kí wọ́n ṣírò rẹ̀, kí àgbẹ̀ lè mọ ìgbà tó yẹ kí ó gbin nǹkan àti ìgbà tó yẹ kí ó ní sùúrù. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n fi ń ṣe é. Òyìnbó kan tó wá ṣe ìwádìí ló gbé e wá; nígbà tó ń padà sílé, ó fi í sílẹ̀ fún wọn.

Alágbèéká ni àwọn tó ṣe é pè é. Ó tó àpótí ìrìnàjò ńlá kan. Ó ní ojú gíláàsì kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní ibi tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀, ó sì wúwo débi pé ènìyàn méjì ní í gbé e.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," Monínúọlá ti bi í rí, "ta ni wọ́n ní kó máa gbé e ká?"

"Ẹni tó bá lágbára."

"Ẹni tó bá lágbára kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba, sà."

Bí iṣẹ́ bá kúrú, ẹ̀rọ náà yóò ṣe é láìjanpata. Bí iṣẹ́ bá gùn, bí àpẹẹrẹ, bí wọ́n bá ní kí ó ṣírò òjò gbogbo ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò rìn dé ìdajì, ojú rẹ̀ yóò sì dúró gan-an, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Akínyẹlé kọ́kọ́ fura sí iná. Lẹ́yìn náà ó fura sí ooru, lẹ́yìn ooru ó fura sí ara rẹ̀. Nígbà tó ti yẹ ọ̀ràn náà wò láti gbogbo ọ̀nà, ó rí i pé inú iyè ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni àbùkù náà wà. Gbogbo ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, bí yóò ṣe ka nǹkan, bí yóò ṣe pín àyè inú rẹ̀, ibi tí yóò kó èsì sí, gbogbo rẹ̀ ni àwọn tó ṣe é ti kọ sínú àwọn ègé dúdú kéékèèké kan tí wọ́n ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ọ̀kùn. Ohun tó wà nínú àwọn ègé wọ̀nyí kì í parẹ́ bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ti ṣe àṣìṣe níbi pípín àyè, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ gígùn fi ń há a lọ́fun. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti tún un kọ. Iyè tuntun kan wà tó gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí a yọ ègé àtijọ́, kí a fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó parí.

Olúmúyìwá, ọmọkùnrin kan tí Akínyẹlé ti kọ́ ní ìṣirò rí, tó ń kàwé ní ìlú òyìnbó báyìí, ló bá a rí iyè tuntun náà gbà. Ó fi rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bọ̀ wálé. Ọmọ Ìgbemọ ni ọ̀rẹ́ náà. Nígbà tó dé, ó kọjá sí ìlú rẹ̀ tààrà, ó sì gbé ẹrù náà fún Àyọ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n Akínyẹlé, tó ń gbé níbẹ̀. Ó wá ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé kí Akínyẹlé lọ gbà á.

Ọjọ́ Sátidé ni Akínyẹlé sábà máa ń lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àyọ̀kẹ́ ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Oko ìrẹsì rẹ̀ ló fi rán an níléèwé. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti fọ́n ká, orúnkún rẹ̀ kan kì í sì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ bí ilẹ̀ bá tutù. Nítorí náà, nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé Akínyẹlé lọ sí ibòmíràn lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ní Adó. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, bí Sátidé bá mọ́, yóò dìde, yóò wo bàtà rẹ̀, yóò sì dùbúlẹ̀ padà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹrù kò ní ẹsẹ̀, kò ní sá lọ. Sátidé kan kọjá bẹ́ẹ̀, òmíràn tẹ̀lé e, ó sì di pé kò mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá mọ́.

Ohun tó lé e dìde ni iṣẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè rán sí i láti Ìbàdàn. Ọ̀gá wọn ni Adéyẹyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Akínyẹlé dàgbà jù ú lọ. Ó ní òun ń bọ̀ wá wò ó bóyá ẹ̀rọ náà lè parí iṣẹ́ gígùn lójú òun. Ó ní ibi tó bá tọ́ sí ẹ̀rọ náà ni yóò wà. Akínyẹlé ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá parí iṣẹ́, a jẹ́ pé ó wúlò. Bí ó bá wúlò, ẹ̀ka wọn wúlò. Bí ẹ̀ka bá wúlò, kò sí ìdí láti tú u ká. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá dákú lójú ọ̀gá, wọn yóò ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, wọn yóò sì gbé òun lọ sí ibi tí òun kò ti ní lè máa dé Ìgbemọ. Èrò náà tọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ sí ibùdókọ̀ Fájuyì láàárọ̀ Sátidé, ó wọ mọ́tò.

Ìkórè ìrẹsì ti parí ní Ìgbemọ. Láti ẹnu ọ̀nà ìlú ni òórùn ìrẹsì bíbọ̀ ti ń pàdé èrò, ẹní sì wà nílẹ̀ níwájú ilé gbogbo, tí ìrẹsì pupa rẹ́súrẹ́sú kún orí wọn. Àyọ̀kẹ́ jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tó fi ń lé ewúrẹ́. Aṣọ funfun ìjọ Àládùúrà rẹ̀ ń fẹ́ lórí okùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Akínyẹlé! Ọmọ ìyá mi! Ẹsẹ̀ rẹ tún wá mọ ọ̀nà ulé?"

"Ẹ kú uṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú, ó rẹ̀ mí ni."

"Ó rẹ̀ ọ́. Ó rẹ èmi náà, àmọ́ ewúrẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè mọ̀." Ó ju ọ̀pá sí ewúrẹ́ kan, kò bà á. "Jókòó. O ti rù. Ṣé bébà ni wọ́n ń jẹ ní ọ́fíìsì yín?"

Akínyẹlé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó. Ìgbà náà ló rí i. Ní àárín ẹní tó sún mọ́ ọn jù lọ, aṣọ ìnujú funfun kan wà lórí ìrẹsì, a tẹ́ ẹ dáadáa bí aṣọ orí pẹpẹ. Àwọn ègé dúdú tó wá gbà wà lórí rẹ̀, wọ́n tò gẹẹrẹ, ẹsẹ̀ wọn wà nísàlẹ̀. Ojú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wo ọ̀run, ó sì ń dán.

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n.

"O ti rí ẹrù rẹ," ni Àyọ̀kẹ́ wí, inú rẹ̀ dùn. "Òjò pa ọmọkùnrin yẹn wọlé lọ́jọ́ tó gbé e dé. Páálí rẹ̀ rọ bí ẹ̀kọ. Mo tú u, mo rí i pé omi ti wọ̀ ọ́. Mo ní rárá o, àbúrò mi kò ní gba ẹrù tútù lọ́wọ́ mi. Mo nù ún, mo sá a. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sá a. Bí mo bá kó ìrẹsì síta, n ó kó òun náà síta. Bí mo bá kó ìrẹsì wọlé, n ó kó o wọlé. Mo sì ń gbàdúrà sí i."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Bébà kékeré kan kò lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn?"

"Èyí tó ń dán bí fàdákà? Ó ti rọ, ó ń ṣí. Mo bó o dànù. Ojú wọn ló bò, mo sì bi ara mi pé báwo ni oòrùn yóò ṣe ráyè wọnú wọn? Mo fi aṣọ nu ojú náà mọ́ tónítóní."

Akínyẹlé mi orí. Ó mọ ohun tí ojú náà wà fún. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń pa ohun tó wà nínú irú ègé bẹ́ẹ̀ rẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ nǹkan mìíràn sí i, irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kì í rí, tí oòrùn sì ní lọ́pọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi bébà bo ojú yẹn. Oòrùn ọjọ́ kan lè má ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n oòrùn Ìgbemọ lẹ́yìn àrọ̀kúrò, láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, fún gbogbo ìgbà tí ẹni tó ni ẹrù fi dùbúlẹ̀ nílé rẹ̀ ní Adó!

Ó ṣe ẹjọ́ náà nínú ara rẹ̀, bó ti máa ń ṣe fún ohun gbogbo. Ta ló jẹ̀bi? Ẹni tó sá nǹkan sóòrùn kò mọ̀ pé oòrùn ń ba nǹkan jẹ́; gbogbo ohun tó ṣe iyebíye tí obìnrin yìí ti tọ́jú láyé rẹ̀, ìrẹsì, kòkó, aṣọ, ẹní, oòrùn ló fi gbà á là lọ́wọ́ ìdíbàjẹ́. Ẹni tó mọ̀ kò sì wá. Kò sí ẹnì kẹta nínú ẹjọ́ náà.

"Mo máa ń rò pé òní ni wàá dé," ni Àyọ̀kẹ́ tún wí. "Bí mo bá tẹ́ ẹ síta ní Sátidé, n ó ní ẹni tó ni ín ń bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, n ó kó o wọlé. Ó gbẹ, àbí?"

"Ó gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Gbẹ́kẹ̀lé mi."

Ó fi aṣọ ìnujú náà wé àwọn ègé náà fún un, ó di ìrẹsì sínú àpò kékeré kan lé e lórí, ó sì gbàdúrà gígùn kan fún un tó kan orí, ẹsẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ Ajé, Akínyẹlé tú àwọn ìdè onírin kéékèèké ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, Monínúọlá sì ń bá a kó wọn sínú àwo kí wọ́n má bàa sọnù. Ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ pẹlẹbẹ yọ ègé àtijọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, kí ẹsẹ̀ wọn má bàa ṣẹ́, ó tò wọ́n sórí òwú nínú páálí ìṣáná. Ó fi èyí tó wá láti Ìgbemọ sí ipò wọn. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ènìyàn lè mọ nǹkan kí ó má tíì gbà á. Ó tan ẹ̀rọ náà. Ojú rẹ̀ là, ó mọ́ roro, kò sí lẹ́tà kan lórí rẹ̀.

"Ó ń ronú ni, sà?"

"Kò ní ohun tí yóò fi ronú."

"Kí ló ṣe é?"

Ó sọ fún un. Monínúọlá fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde. "Wọ́n bọ iyè kọ̀ǹpútà mọ́ ìrẹsì!"

"Wọn ò bọ̀ ọ́. Wọ́n sá a ni."

"Ọlọ́run ṣeun. Wọn ì bá ti gún un." Ìgbà tó rí ojú rẹ̀ ló dẹ́kun ẹ̀rín. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Kò wá sí ẹni tó lè tún nǹkan kọ sí i?"

"Ó wà, ní ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kò sí ohun tó fọ́ lára wọn. Wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n mọ̀ ni."

"Adéyẹyè sì ń bọ̀."

"Adéyẹyè sì ń bọ̀," ni Akínyẹlé wí, ó tún fi ọ̀bẹ yọ wọ́n.

Ó dá ègé àtijọ́ padà sáyè wọn. Ẹ̀rọ náà jí, bó ti máa ń jí, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀. Akínyẹlé jókòó tì í, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. Ọgbọ́n kan wà tí òun àti Monínúọlá ti ń dá fún iṣẹ́ tó bá pọn dandan: kí wọ́n ṣe iṣẹ́ dé ìdajì, kí wọ́n kó èsì rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì kí ẹ̀rọ tó dé ibi tí yóò ti dákú, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n ṣe ìdajì kejì, kí wọ́n so méjèèjì pọ̀. Ó ń gba àkókò, ó ń gba ojú àti ọkàn. Àṣìṣe kékeré kan, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ kì í yẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é níwájú Adéyẹyè, tí Monínúọlá sì ń fún un ní omi tútù àti ọ̀rọ̀, bóyá kò ní mọ ibi tí oríkèé ìdajì méjèèjì wà. Ṣé ẹ̀tàn ni? Akínyẹlé bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà, ó sì dáhùn pé bí èsì bá jẹ́ òótọ́, tí kò sì sí ẹni tó purọ́, ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn tán. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti wá òmíràn.

Wọ́n fi í dánra wò títí ọwọ́ wọn fi mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tí Adéyẹyè dé, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan ló gbé e wá. Ó wọlé pẹ̀lú ìkíni tó dára, ó bọ́ fìlà, ó yí ẹ̀rọ náà ká bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Monínúọlá jáde lọ kí dírẹ́bà, Bámgbóyè lórúkọ rẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. Nígbà tó wọlé pẹ̀lú ife omi, ó tẹ̀ sí etí Akínyẹlé.

"Ọ̀gá, fóòmù ibùsùn wà lẹ́yìn mọ́tò wọn. Àti okùn."

"Fóòmù ta ni?"

"Ti ẹ̀rọ. Bámgbóyè ní bó bá parí iṣẹ́ yẹn, wọ́n ń gbé e lọ Ìbàdàn lónìí. Wọ́n ti ṣí ọ́fíìsì tuntun. Ẹ̀yin náà ń bá a lọ. Wọ́n ti wá yàrá sílẹ̀ fún yín."

"Bí kò bá parí ńkọ́?"

"Ó ní ọ̀gá wọn sọ lójú ọ̀nà pé kò sí ẹni tó máa fi òkú ẹ̀rọ dí ọ́fíìsì tuntun. Wọ́n á fi wá sílẹ̀ bá a ṣe wà."

Akínyẹlé wo ẹ̀rọ náà. Gbogbo àlàyé rẹ̀ ìjọsí ló to ara wọn gún régé, bí, bí, bí, àfi pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni kò sí. Ó ti rò pé ohun tó wúlò ni wọ́n ń fi sílẹ̀ níbi tó wà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ ní Adó rí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa? Ó rí yàrá kan ní Ìbàdàn lọ́kàn rẹ̀. Ó rí ẹní ìrẹsì kan, àti obìnrin kan tó jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá, tó ń wí ní Sátidé pé ẹni tó ni ín ń bọ̀.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká rí i," ni Adéyẹyè wí.

Monínúọlá ti mú kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Akínyẹlé kò wò ó.

"Sà, iṣẹ́ gígùn náà, ṣé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kí n ṣe é, tàbí kí n pín in?"

"Pín in kẹ̀? Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ má pín nǹkan kan lójú mi o, Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé."

"Ó dáa, sà."

Monínúọlá wúkọ́, ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí àpò. Akínyẹlé tẹ àwọn bọ́tìnnì tó yẹ. Orúkọ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú ẹ̀rọ náà, Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn, Ìgèdè, pẹ̀lú iye òjò tó ti rọ̀ sí wọn lórí. Adéyẹyè ń mi orí, ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ó fẹ̀ tó láti gbé nǹkan jáde. Lẹ́yìn náà, ojú ẹ̀rọ dúró.

Wọ́n dúró dè é. Kò lọ mọ́.

"Ó kú ni?"

"Ó dákú ni, sà. Bí a bá pa á tí a tún un tàn, yóò jí."

"Iyè tuntun tí ẹ ní ó ń bọ̀ láti òkè òkun ńkọ́?"

"Ó dé, sà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́."

"Ta ló bà á jẹ́?"

Akínyẹlé mọ̀ pé ìtàn náà yóò dùn ní Ìbàdàn. Wọn yóò máa sọ ọ́ nígbà oúnjẹ ọ̀sán pé màmá kan ní Èkìtì sá kọ̀ǹpútà mọ́ ìrẹsì. Yóò tilẹ̀ gba òun lọ́wọ́ ẹ̀bi.

"Èmi ni, sà. Ẹrù náà dé, mo pẹ́ kí n tó lọ gbà á. Ó ti bàjẹ́ kí n tó débẹ̀."

"Wọ́n sọ fún mi pé onímọ̀ ìṣirò ni yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ mọ ìṣirò, ẹ ò sì mọ ọjọ́." Adéyẹyè dé fìlà rẹ̀. "Mo ti rò pé mo máa kó ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yìí lọ síbi tó lórúkọ. Ó dáa. Ẹ máa bá òkú yín gbé níbí. N kò lè gbé ìtìjú lọ sí Ìbàdàn."

Ó jáde. Láti ojú fèrèsé ni Akínyẹlé ti rí fóòmù náà tó ń fò sókè sódò lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, láìní nǹkan kan lórí, títí eruku oríta fi gbé e mì.

Monínúọlá mú kásẹ́ẹ̀tì jáde nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ọ̀gá, ẹ lè mú un parí o."

"Wọ́n ní kí n má pín in."

"Ẹ̀yin lẹ bi wọ́n, kí wọ́n bàa lè ní kí ẹ má pín in."

"Obìnrin yìí, lọ tẹ ìwé rẹ."

"Mò ń lọ, sà. Ẹ kú oríire."

Kò dà bí oríire lára rẹ̀. Ó mọ̀ pé orúkọ òun ti bàjẹ́ ní Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tí yóò tún fi òun sí ipò kan mọ́ títí òun yóò fi fẹ̀yìn tì. Ó mọ̀ pé gbogbo iṣẹ́ gígùn tó kù, ìdajì-ìdajì ni òun yóò máa ṣe é, tí òun yóò máa pa á, tí òun yóò máa tàn án. Gbogbo èrè tó jẹ kò ju pé àárẹ̀ rẹ̀ yóò wà níbi tó ti mọ̀ ọ́n. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn. Ó jí. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ó bẹ̀rẹ̀ ìdajì àkọ́kọ́.

Nígbà tí Sátidé mọ́, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó wo bàtà rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ tó fi ń wò ó. Ó wọ̀ ọ́.

Ìrẹsì ìkẹyìn ló wà lórí ẹní ní Ìgbemọ, ọyẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ètè ènìyàn. Àyọ̀kẹ́ rí i láti òkèèrè, ó gbé ọ̀pá sókè, kò sí ewúrẹ́ kankan nítòsí.

"Ó tún wá! Ẹ wò ó, ó tún wá! Wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́ ni?"

"Wọn ò lé mi. Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ Ìbàdàn."

Ọ̀pá náà wálẹ̀. "Ìbàdàn?"

"Wọ́n ti yí i padà. Wọ́n ní kí n máa gbé Adó."

"Hallelúyà." Ó wí i wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ẹnì kan tó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ó na ẹsẹ̀, ó fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Ẹrù yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣiṣẹ́?"

Akínyẹlé bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ti múra ohun tí yóò sọ sílẹ̀ nínú mọ́tò, òótọ́ tó péye, láti orí ojú gíláàsì títí dé orí oòrùn. Ó wo aṣọ ìnujú funfun mìíràn tó ń fẹ́ lórí okùn.

"Kò ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Irú wọn kì í fẹ́ oòrùn."

Àyọ̀kẹ́ wo ẹní, ó wo ojú ọ̀run, ó wo àbúrò rẹ̀. "Kò fẹ́ oòrùn? Kí ni kò fẹ́ oòrùn lábẹ́ ọ̀run yìí?" Kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ìyàlẹ́nu ni. "O rí i lọ́jọ́ yẹn, o ò wí nǹkan kan."

"Ó rẹ̀ mí ni."

"Hẹn-ẹn." Ó mi orí fún ìgbà díẹ̀. "Òmíràn ń bọ̀?"

"Olúmúyìwá ní òun yóò wá a. Yóò pẹ́."

"Bó bá dé, ní kí wọ́n gbé e wá síbí. Òkùnkùn ni n ó fi í sí, nínú àpótí aṣọ mi, lábẹ́ aṣọ ìjọ. N kò ní ṣí i. Ìwọ náà yóò máa wá wò ó bóyá ó wà níbẹ̀."

"Ibí náà ni n ó ní kí wọ́n gbé e wá."

Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gun orí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọ́ ìrẹsì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́ ọ nígbà tó kéré, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè rí oòrùn.